Èébú Tèmi Dà?

Rárá o, Àǹtí Àríkẹ́, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mi ò jókòó! Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ mi, kí ẹ tó sọ pé Ọmọ́bọ́lá tún ti gbé ẹjọ́ dé. Ẹjọ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ mi ni mò ń bèèrè, àbí kí ni mo wá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún bí mi ò bá lè bèèrè ẹ̀tọ́ ara mi? Ọjọ́ Ajé la máa ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí! Ẹni tó bá yege, wọ́n á fún un ní ìwé àṣẹ, á di nọ́ọ̀sì gidi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, á ṣì máa gbé abọ́ ìtọ̀ kiri wọ́ọ̀dù títí di ọdún tó ń bọ̀. Èmi rèé, mi ò tíì lè mọ iṣẹ́ apá ọ̀tún ọkàn yàtọ̀ sí ti apá òsì, nítorí pé àwọn tí a jọ ń kàwé kọ̀, wọn ò bú mi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ní wọ́n kọ̀, wọn ò bú mi!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, kí àwọn tó ń ra ankara lọ́dọ̀ yín bá yín rín in. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rín in tán, ẹ ó bá mi dá ẹjọ́ náà, torí mi ò kúrò nínú ìsọ̀ yìí.

Ṣé ẹ mọ Sainabou, ọmọbìnrin gíga tó máa ń bá mi wá síbí? Àgbàlá ilé wọn ní àdúgbò Half-Die la ti ń kàwé, lábẹ́ igi máńgòrò, èmi, òun, Yusupha Njie àti Omar Jobe. Sainabou á gbé àtáyà kaná, a ó máa mu tíì kíkorò yẹn nínú ife kékeré, ẹnì kan á bèèrè ìbéèrè, ẹlòmíì á dáhùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ó dára. Àfi bó ṣe di ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ darapọ̀ mọ́ wọn, tí Omar gbàgbé iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe. Ni Yusupha bá na ìka sí i lójú, ó ní, "Ìwọ ẹrú mi yìí! Kíndìnrín ọmọ ènìyàn a máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, a gba èyí tó dára, a da ìdọ̀tí nù sínú ìtọ̀. Tàwọn Jobe nìkan ni kì í da nǹkan kan nù, torí ọ̀kánjúwà!"

Ẹrú! Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, ojú mi ṣú. Ní ìlú tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ orúkọ òyìnbó kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di Banjul, ọmọ ènìyàn á jókòó ti àtáyà, á máa pe ọmọ ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rú? Omar sì ń rẹ́rìn-ín! Mo ní áà, wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ títí ìyà ti mọ́ ọn lára. Mo ní bí kò bá lè gbèjà ara rẹ̀, èmi á gbèjà rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé tọ Sístà Saffie, olùkọ́ àgbà wa. Mo dúró gbọn-in níwájú tábìlì rẹ̀, mo rojọ́ Yusupha láti òkè délẹ̀, mo ní bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá bá a wí, èmi ò ní wọ kíláàsì. Sístà ní, kí ni orúkọ bàbá Yusupha? Mo ní Njie. Ó ní, ti Omar ńkọ́? Mo ní Jobe. Háà! Obìnrin tí a kì í rí eyín rẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà funfun orí rẹ̀ fi jábọ́, ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì.

Ó ní kal ni wọ́n. Ó ní láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni Njie àti Jobe ti ń bú ara wọn, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú, pé bí Njie bá rí Jobe tí kò bú u, Jobe á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ta ló sọ fún mi? Mo ní ta ló sọ fún mi, Àǹtí? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tajà ní Albert Market láti ìgbà tí mi ò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, ṣé ẹ pè mí kí ẹ ní, "Ọmọ́bọ́lá, bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ara wọn lẹ́rú níbí, panu mọ́"? Ẹ ò pè mí! Ẹ ń wò mí níran!

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yusupha. Ó ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan! Ibẹ̀ gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù mi ń bà wọ́n. Wọ́n ń bú ara wọn lọ ràì, ìwé sì ń wọ̀ wọ́n lórí! Omar sọ fún Yusupha pé àwọn Njie dà bíi kòkòrò ibà, pé bí wọ́n bá wọ ilé onílé, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sá pamọ́ sí, kí wọ́n tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀ wá jẹ gbogbo rẹ̀ run. Ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Ẹ jí Yusupha lójú oorun, á sọ ọ̀nà tí kòkòrò ibà ń gbà fún yín. Yusupha ní ìfun Omar gùn ju ọ̀nà tó lọ láti ibí dé Basse, pé ìfun kékeré ló ń fa oúnjẹ sára, ìfun ńlá ló ń fa omi, ti Omar nìkan ni méjèèjì ń fa ìrẹsì. Gbogbo wọn á dojú bolẹ̀ fún ẹ̀rín.

Bó bá wá kàn mí, ojú gbogbo wọn á tutù bí ojú ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. "Mìsì Adébọ̀dé, ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá ni yín lára, apá wo nínú ọkàn ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti dọ̀tí?" Bí kò bá ni mí lára! Mo wo àwòrán inú ìwé, apá ọ̀tún rẹ̀ kọjú sí apá òsì tèmi, orí mi dàrú, mo ní òsì. Mo máa ń ní òsì ṣáá ni! Lónìí náà, mo tún ní òsì. Kí ni Omar sọ? Ó ní, "Kò burú, Mìsì Adébọ̀dé, ẹ rọra máa ṣe é." Kò burú kẹ̀? Ó burú! Bó bá jẹ́ Yusupha ló ṣì í, wọn ì bá ti tú ìran bàbá rẹ̀ wò. Mo ju ìwé sórí ẹní, mo dìde, ó dọ̀dọ̀ yín.

Ṣé ó tọ́? Ẹ wò ó, mi ò ní kí wọ́n bú mi ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí a bá jọ ń jẹ, kí a pín in dọ́gba! Ìdílé wo ní ìlú yìí ló ń bá Adébọ̀dé ṣe kal? Ẹ sọ ọ́ kí n lọ kan ìlẹ̀kùn wọn, kí n ní ẹ jáde wá bú mi, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kí lẹ wí? Kí èmi kọ́kọ́ bú wọn? Èmi, ọmọ tísà? Ẹnu tí mo fi ń kọrin nínú ìjọ?

Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin ṣe pẹ̀lú onísálúbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí? Pé ẹ pè é ní ajẹ̀rẹsì-má-yó, òun náà pè yín ní ata onígèlè? Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá yín ṣọ́ ìsọ̀? Ẹ̀yin Àǹtí yìí! Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbèjà ẹni tí ẹnì kankan kò lù!

Rárá, mi ò lè ṣe é. Ẹnu mi ò gbà á. Bí mo bá bú wọn tí wọ́n bá bínú ńkọ́? Mi ò tún ní rí ibi kàwé—

Ta nìyẹn? Níbi àwọn ẹlẹ́ja yẹn. Yusupha ni! Omar ló tẹ̀ lé e yẹn. Ìwé mi ló wà lọ́wọ́ Yusupha. Ẹ má nawọ́ sí wọn, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n!

Kí ni Yusupha ń pariwo? Kí ló sọ?

Ó ní kí n wá gba ìwé mi, pé òun mọ̀ pé ará Yorùbá kì í ka ìwé, ata ló fi ń di!

Háà! Àǹtí, ẹ gbọ́? Ó bú mi! Ó bú mi láàárín ọjà! Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn. Yusupha! Ìwọ Njie! Àyà rẹ ni kí o kọjú sí mi! Apá ọ̀tún ọkàn rẹ, ibẹ̀ ni gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ ń wọ̀, ìlẹ̀kùn ẹlẹ́wé mẹ́ta ló ń gbà, kí ó tó lọ fọra nínú ẹ̀dọ̀fóró! Apá òsì ni ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ń gbà padà, ìlẹ̀kùn ẹlẹ́wé méjì, ó sì máa ń tì gbọin bí ó bá ti gbọ́ pé àlejò fẹ́ jẹun!

Ọ̀tún ni, Àǹtí! Ọ̀tún ni mo pè! Ẹ gbọ́ mi, mi ò ní òsì! Ẹ wo Omar, ó ti jókòó sílẹ̀ sórí àpò iyọ̀ oníyọ̀ fún ẹ̀rín.

Ẹ bá mi di gèlè mi dáadáa, mò ń lọ. Ó ku ọpọlọ, ó ku eegun, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Yusupha! Omar! Ẹ dúró dè mí níbẹ̀, ẹ̀yin ẹrú mi!