Ẹ Fi Òkúta Ìkìlọ̀ Ṣe Ìpìlẹ̀

Mi ò ní fún ọ! Jacob, kódà bí o bá dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbóná lábẹ́ ikùn rẹ, kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ ọwọ́ tuntun yẹn kò ní kúrò lápò mi lónìí. Kí ni wọ́n ní kí o wá sọ? Pé Ògúnrìndé ti ya wèrè? Ṣé ẹni tó ti ń ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé láti ọgbọ̀n ọdún ni kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣàìsàn? Jókòó. Jókòó, alága òbí, àga yẹn ti gbé ẹni tó sanra jù ọ́ lọ rí.

Wo òkè yẹn. Wò ó dáadáa. Láti àárọ̀ ni òjò ti ṣú bò ó, kò rọ̀, kò sì lọ.

Ìwọ ò mọ Sarah. O ò tíì wọlé nígbà yẹn. Sarah Awóníyì, kíláàsì kan náà la jọ wà, ọdún kejì tí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni kíláàsì wa wà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wa tò síta, à ń kọrin àárọ̀, òun nìkan ló wà nínú, ó ń gbálẹ̀, torí òun ló kàn. Òkè kàn sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ pariwo o! Ó sọ̀ kalẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Odindi ọjọ́ méjì la fi wá a. Ìgbálẹ̀ la kọ́kọ́ rí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wa àkọ́kọ́, Ọ̀gá Moses, fi ní kí ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan máa gbé òkúta kan wá láti ilé bàbá rẹ̀, ká tò ó sẹ́sẹ̀ òkè, ká kùn ún lẹ́fun, pé ilé kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ títí ayé. Ìwọ náà gbé tìrẹ wá. Àbí kí n má sọ ọ́? Òkúta tí kò ju ẹyin àparò lọ! Ọ̀gá wò ó, ó wò ọ́, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ẹyẹ lo fẹ́ sọ lókò ni?" Ẹkún lo sun délé! O ò rẹ́rìn-ín? Ó dáa, má rẹ́rìn-ín.

Ó lé lógójì ọdún tá a fi ń to òkúta yẹn! Ẹ wá tẹ ìwé ìtàn fún àjọ̀dún àádọ́ta ọdún. Mo kà á, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá mi ṣì wà nínú àpótí. Ife bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀. Oko ilé-ìwé, ọdún tí uṣu wa gbapò kìn-ín-ní, wọ́n kọ ọ́ sí i. Àwòrán ìwọ náà wà níbẹ̀, o fẹyín bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Sarah ńkọ́? Òkúta ńkọ́? Kò sí! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òkú kì í jẹ́ kí àjọ̀dún dùn.

Ìjọba wá gbé ètò iṣẹ́ ọwọ́ dé, aṣọ rírán, kọ̀ǹpútà, iná tó ń gba agbára lára oòrùn. Ohun rere ni, mi ò bá a jà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà níwájú, ẹ ní ibi bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹsẹ̀ òkè lẹ lọ! Ẹ wá ṣa gbogbo òkúta wa, tèmi, tìrẹ, tàwọn ọmọ wa, ẹ dà á sí ìpìlẹ̀! Òkúta tó ní kí ẹ má kọ́lé síbẹ̀ lẹ fi kọ́lé síbẹ̀! Mo pariwo, kí lo sọ fún mi? O ní, "Bọ̀ọ̀dá, òkúta ni òkúta ń jẹ́." Orí mi ò!

Jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀kùn fún ọ. Ìrókò ni, ó nípọn. Lóṣù kìíní, ìka kan ni mo fi ń tì í. Lẹ́yìn Àjíǹde, ọwọ́ méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èjìká. Lánàá, bí mo ṣe tì í tán báyìí, ó há, ògiri ẹ̀gbẹ́ òkè ti tẹ̀ wá sórí rẹ̀. Ibi tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ló ń gbà lọ́jọ́ Ajé, ìka mi ló gbà lánàá. Omi pupa ń yọ nísàlẹ̀. Ulé yẹn ń rìn, Jacob! Mo fi Ògún bàbá mi búra, ó ń rìn! Mo sọ fún ọ̀gá tuntun, ó ní àwọn tó fẹ́ wo ìdánwò aṣọ rírán ti ń bọ̀ láti Adó, kí n lọ fi epo sí híńjì. Epo!

Ṣé kì í ṣe Àánú ọmọ rẹ ló wà nínú kíláàsì yẹn? Òun ló rán bùbá tí mo wọ̀ yìí, apá kan gùn ju ìkejì lọ, mo ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ dáadáa ni. Gbọ̀ngàn ńlá ṣófo, ẹ kó wọn lọ síbẹ̀! Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nínú? Kí ilẹ̀ gbé e mì!

Fóònù rẹ ń dún. Gbé e. Ọ̀gá tuntun ni? Sọ fún un pé mo ní mi ò... Kí ló ní? Pé kí o má ṣèyọnu mọ́? Kí ló dé tí kò wá kọ́kọ́rọ́ mọ́?

Káfíńtà? Káfíńtà ṣe kí ni?

Yéè! Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn? Odindi ilẹ̀kùn? Ilẹ̀kùn yẹn ló gbé ògiri dúró láti àná! Àwọn ọmọ ti wọlé? Ní kí wọ́n jáde! Ó ti pa fóònù? Pè é padà! Kò wọlé? Dìde, Jacob, fi bàtà sílẹ̀, fi fìlà sílẹ̀! Òkúta, o ò lè gbé e, ṣé o lè sáré? Sáré!