Gbogbo Wọn Ló Mọ̀ Pé Ìkòkò Náà Ti Sán

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dìde níwájú yín láàárọ̀ yìí. A ò pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà yìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá tó ń ka Ìwé fún wa ní kí n sọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti yọ mí.

Orúkọ mi ni Àjọkẹ́. Mànígìrì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òrí. Èmi nìkan ni mò ń ṣa èso òrí lábẹ́ igi, èmi nìkan ni mò ń gún un, tí mò ń pò ó. Nígbà tó yá, obìnrin kan wá bá mi, lẹ́yìn náà méjì, títí wọ́n fi di mẹ́sàn-án lábẹ́ ahéré mi. Kí òyìnbó Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà wa yìí kọjá ni. Àwọn oníṣòwò obì tó máa ń dúró ní Bàsílà níbí mọ òrí mi. Wọ́n á ní òrí Àjọkẹ́ kì í bàjẹ́ lọ́nà.

Mo rò pé èèyàn rere ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mo máa ń se iṣu fún wọn jẹ, tí ọdún bá yí, mo máa ń fún wọn láṣọ. Tí ara ọmọ wọn ò bá yá, èmi ni mò ń wá ewé lọ. Ká ní ẹnikẹ́ni bi mí nígbà náà, ǹ bá sọ pé ìyá ni mo jẹ́ fún wọn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, gbogbo wọn á dákẹ́. Mo ń pe ìdákẹ́ yẹn ní ọ̀wọ̀.

Awẹ́ró ló mọ iṣẹ́ jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi lójú gbogbo wọn pé èso tí mo ní kí wọ́n yan kò tíì gbẹ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú.

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ni ahéré yìí ni?"

Mo yọ ọ́ kúrò nídìí odó, mo ní kó lọ máa pọnmi láti odò, òun nìkan, fún odindi oṣù kan. Ẹni tó bá ti ṣe òrí rí mọ bí omi tó ń gbà ṣe pọ̀ tó. Ọrùn rẹ̀ gan débi pé kò lè yí i. Èmi gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó kù kò gbàgbé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé àwọn olóbì máa kúrò ní Bàsílà lọ́túnla. Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá wa àtijọ́ kaná, kí òrí lè yá kí wọ́n tó lọ. Awẹ́ró wo ìkòkò náà, ó wo ojú mi, ó wá wolẹ̀. Mo rí i.

Mo ní, "Kí lò ń wò? Koná sí i."

Ó koná sí i.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí ìkòkò náà là. Òrí gbígbóná dà sínú iná, iná náà sì sọ sókè. Àbíkẹ́ ló lóṣòó síwájú ìkòkò náà, tó ń ré ìfófó orí rẹ̀. Òun ló dé kẹ́yìn nínú wọn, ọmọ Pẹnẹsúlú, ìyàwó tuntun. Ọwọ́ yìí ni mo fi fà á jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò kó tó kú. Mi ò ní ròyìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àfi ohun kan. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. "Ìyá, ẹ má bínú, òrí yín ti dà nù."

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo pe àwọn mẹ́jọ tó kù jọ. Mo bi wọ́n pé ta ló mọ̀ pé ìkòkò yẹn ti sán. Awẹ́ró ní, "Gbogbo wa la mọ̀, Ìyá. Àbíkẹ́ náà mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ta ni kó sọ fún yín?"

Wọ́n kó igbá wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó bá mi jà ní Mànígìrì. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo máa ń lọ jókòó létí odò tí Awẹ́ró ti pọnmi, màá sì máa wo omi náà bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn, mo di ẹrù mi wá sí Bàsílà, kí n lè bá èrò ọ̀nà lọ síbi tí ẹnì kankan ò ti mọ̀ mí.

Níbí ni mo ti pàdé Bàbá tó ń ka Ìwé fún wa yìí, tó ń ta aṣọ láti Àjàṣẹ́. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á ní kí n má sunkún. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀bi yín ni. Ọlọ́run ò sì kọ̀ yín. Ẹ lọ bá ìyá ọmọ náà." Ó gbàdúrà kúkúrú, pé kí Jésù bá mi rìn.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Pẹnẹsúlú. Ìyá Àbíkẹ́ ní kí n jókòó sílẹ̀, kí n sọ bó ṣe kú, kí n má fo nǹkan kan. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ máa lọ." Kò dárí jì mí. Títí di òní, kò tíì dárí jì mí, mi ò sì lè ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo lọ sílé Awẹ́ró. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún mi."

Ó ní, "Ẹ ò ní lè gbọ́ ọ."

Mo gbàdúrà nínú lọ́hùn-ún pé, Ọlọ́run Bàbá aláṣọ, mi ò tíì mọ̀ ọ́, di ẹnu mi mú. Awẹ́ró sọ̀rọ̀ láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi ń rọ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn nígbà mẹ́wàá. Ẹnu mi ò là. Ẹ̀yin ará, ẹni tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe agbára mi nìyẹn.

Ahéré náà ti ṣí padà. Àwọn márùn-ún ló padà wá, àwọn mẹ́ta ò wá. Ìbínú ṣì máa ń ru sókè nínú mi tí wọ́n bá já mi ní koro. Màá jókòó sílẹ̀, màá pe Jésù lábẹ́ ètè, màá wá ní kí ẹni náà tún un sọ.

Mo fògo fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ rọra yọ̀, torí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ délé, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọn ò lè sọ fún yín.

Awẹ́ró ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Kò tíì gba Jésù. Ó ní òun kàn fẹ́ wá gbọ́ bóyá màá sọ ọ́ bó ṣe rí ni. Awẹ́ró, mo ti sọ tèmi. Tí mo bá fi nǹkan pamọ́, dìde, kí o sọ ọ́.

Ẹ fún un láyè, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti ń dìde.