Èmi Ni Mo Yí Abọ́ Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi, òtítọ́ tí mo fi ahọ́n bò mọ́lẹ̀ fẹ́ jáde lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí orin tó tún gba ẹnu mi. Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí. N ò mọ èyí tó yẹ kí n mú nínú méjèèjì.

Èmi ni mò ń nu tábìlì níbi iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi, tí a ń pè ní Oníṣirò. Ó ń fi ìṣirò sọ ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán ò rí, yóò rìn dé bí wọ́n bá gbóòórùn kẹ́míkà. Àárín abọ́ pẹlẹbẹ kan ló ń kó wọn sí, á wá kán kẹ́míkà sí etí rẹ̀ kan. Kẹ́míkà ọ̀hún ò láwọ̀, bí omi ló rí, nítorí náà ìhà fèrèsé ló máa ń kọjú rẹ̀ sí, kó má baà ṣì í mú. Ta ló sọ fún mi? Mo gbé abọ́, mo nu abẹ́ rẹ̀, mò ń kọrin, "Kékeré máa bọ̀, ilé ò jìnnà," mo sì dá a padà bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí Oníṣirò dé, ìhà ilẹ̀kùn ló bá àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá rẹ̀ onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ní wọ́n á sáré lọ bá a. Wọ́n mà ń sá fún un bí ẹni rí ejò."

Ọmọ mi wò mí. "Màmá àgbà, ṣé ẹ fọwọ́ kan abọ́ yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi ò débẹ̀."

Ẹnu àgbà rèé.

Èyí tó burú jù ló kù. Mo rò ó pé ohun tí a yí tó bàjẹ́, bí a bá tún un yí, á dára. Lọ́jọ́ kejì mo yọ́ wọlé, mo tún abọ́ yí. Àṣé abọ́ tuntun ni. Èyí tó tọ́ ni mo tún yí sódì. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn o. Ìṣirò rẹ ti kú." Ọmọ mi ò sunkún. Ó kàn ní òun yóò fa gbogbo ìwé ìṣirò náà ya lọ́la níwájú àwọn olùkọ́ òun.

Oníṣirò, jọ̀ọ́, má fà á ya: ìhà tí mo yí kẹ́míkà sí ni wọ́n bá a lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìṣirò rẹ tọ̀nà. Foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi àṣìṣe kejì wá oògùn fún àkọ́kọ́. Ohun kan ṣì rú mi lójú: nǹkan tí ò nímú, tí ò lójú, ó mọ̀nà. Èmi tí mo ní méjèèjì ni mo ṣìnà.