Ọmọbìnrin Inú Kàtúùnù

Nínú ọkọ̀ Ọ̀tan tó ń dúró de èrò ní gáréèjì Ìlá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó jókòó tì mí, ìyàwó kan àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Èmi kò fẹ́ràn ọmọbìnrin inú kàtúùnù yẹn," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wa ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ lọ láìgba àṣẹ. Ó tún gbá ilẹ̀kùn mọ́ bàbá náà lójú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n dá fídíò padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un wò."

"Mo fẹ́ wò ó bóyá wọn yóò nà án ni."

"Wọn kò nà án. Ẹ̀yin lẹ sunkún."

"Èéfín tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn ló kó sí mi lójú. Ẹnu ọmọ náà ti pọ̀ jù, ìyàwó."

"Ẹnu náà ló ṣì fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tèmi kò jiyàn rárá nígbà tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ ṣé, mà.' Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sá lọ bá ìyá mi ní Ọ̀tan."

Ẹ ṣé, mà. N kò tíì gbọ́ ọpẹ́ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kún, a sì gbéra.

"Bí a bá débẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí, "jẹ́ kí ọmọ rẹ sọ tinú rẹ̀ tán. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ bú mi, kó bú mi díẹ̀."