Ọjọ́ Tí Mo Fi Rídíwáànù Ta Àlejò Lọ́rẹ

Ṣé irọ́ ni mo pa lẹ́nu géètì Ugbor lọ́jọ́ náà, àbí òótọ́ ni mo sọ? Mo ti bi ara mi títí. Mo bi ọkọ mi, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Mo bi tíṣà wa, ó rẹ́rìn-ín. Títí di òní tí mò ń kọ ọ́ yìí, n kò tíì mọ̀.

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọ kíláàsì tuntun bíi tiyín... ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ló ń jókòó sọ ìtàn àtijọ́. Èmi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n tíṣà ní kí àwa tí a ti pẹ́ níbí kọ nǹkan sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí á kọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́. Ẹni tó bá sì ti wá ọmọ rẹ̀ tì rí ní ọ̀sán gangan, ẹ gbọ́, onítọ̀hún ti dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa nígbà náà kò rí báyìí. Ẹ̀yin ń jókòó sórí ṣíà oníke, fáànù ń fẹ́ yín. Àwa ńkọ́? Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta ni, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá lẹ́yìn ọjà Uselu, ní Benin níbí. Bí àwọn mẹkáníìkì bá ń lu irin níta, a ò ní gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí. A ó dúró kí wọ́n lù ú tán.

Àwọn ọmọ wa sì wà lẹ́yìn wa. Bó bá kan ẹnì kan láti lọ kọ̀wé sójú pátákó, yóò tú ọmọ rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀n ọ́n. Bó bá kan ìyẹn náà, yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ọmọ lè dé ẹ̀yìn mẹ́rin kí kíláàsì tó parí. A kì í béèrè pé ọmọ dà. Kí la fẹ́ béèrè fún? Ó wà lẹ́yìn ẹnì kan.

Ibẹ̀ ni Ẹ́línà ti wá bá wa. Òyìnbó ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, láti ìlú kan tí wọ́n ní òtútù ibẹ̀ máa ń sọ odò di òkúta. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, kò gba owó oṣù. Ó wá kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ ìdílé kan ní Ugbor ló sì dé sí. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta ìkòkò, òun ni àgbà kíláàsì wa, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ta ni ìyá èyí? Ta ló jẹ́ kí ọmọ yìí dá wá?"

Ẹ gbọ́, ojú ọmọ náà rí nǹkan ní Benin. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́, ó ń fẹ̀yìn rìn, gbì, ó ti wà nínú gọ́tà Uselu. Ó sá aṣọ sórí ògiri, ewúrẹ́ jẹ apá kan. Ó kọ́ "ẹ káàárọ̀" lọ́wọ́ wa, ó wá ń fi kí wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti oúnjẹ. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, Ẹ́línà wọlé. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Come chop," bí gbogbo wa ṣe máa ń wí. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò fi dáhùn? "Á gba ibi ire." Ó parí. Ẹ́línà kò mọ̀. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà náà, ó mú ẹran kan ṣoṣo tó wà nínú ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ojú Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bá ẹran náà lọ títí ó fi dé ọ̀fun.

"Ẹ sọ fún un pé àpọ́nlé lásán ni," ni mo wí.

"Sọ fún un kẹ̀? Ebi ló ń pa á. Jẹ́ kó jẹ. Àti pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Èmi náà kò sọ fún un.

Rídíwáànù, àkọ́bí mi, jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún nígbà náà. Eyín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí n kò fojú kan oorun. Ọjọ́bọ̀ kan, a fẹ́ ṣe ìdánwò, ó ń ké, ó ń ké. Ẹ́línà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dákẹ́ wẹ́lo, ó ń fa irun òyìnbó.

"This baby sweet o," ló wí. Pidgin ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Èmi náà dá a lóhùn bí a ṣe máa ń dáhùn. Kí lẹ̀yin máa ń wí bí ẹnì kan bá yin ọmọ yín? Mo ní, "Take am go. I don dash you."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

"True true?"

"True true. Na your pikin."

"When I go bring am come back?"

"The day wey you tire!"

Ìyá Bọ́sẹ̀ lu itan. "Kó kúkú gbé ìyá rẹ̀ náà dání, kí baálé ilé lè rí oorun sùn!"

Mo ṣe ìdánwò náà. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún láìwo ibì kankan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Inú mi dùn. Mo gbé orí lé apá, mo ní kí n kàn di ojú díẹ̀...

Nígbà tí mo jí, gbọ̀ngàn ti ṣófo. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń gbálẹ̀.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn Ìyá Táíwò."

Mo sáré wọ ọjà lọ bá Ìyá Táíwò, ọmọ kíláàsì wa, nídìí igbá rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí mi kí n wò ó. "Èmi? Mo rò pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ló pọ̀n ọ́n."

Mo sáré padà. Ìyá Bọ́sẹ̀ wo ojú mi, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra wí pé, "Ìyá Rídíwáànù, òyìnbó ti lọ sílé o."

Mo pe fóònù rẹ̀, ó ti kú. Mo tún un pè, ó ti kú. Lónìí, ẹ̀yin á ti gbé àwòrán ọmọ sórí WhatsApp, gbogbo Benin á ti rí i. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni fóònù tèmi ní.

"Ṣebí ìwọ lo ní kó gbé e lọ," ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí.

"Àwàdà ni, Ìyá!"

"Èmi mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣé òun mọ̀? Ẹran mi ńkọ́?"

Ẹnu ló fi ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Mo pe ọkọ mi níbi tó ti ń kun mọ́tò. Mo ní, "Bàbá Rídíwáànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó ní, "Kí lo ṣe?" Mo sọ. Mo gbọ́ tó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "O fi ọmọ mi ta ta ni lọ́rẹ?"

Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ dé Ring Road, a tún wọ òmíràn lọ sí Ugbor. Gbogbo ìtàn gbọ́mọgbọ́mọ tí mo ti gbọ́ rí, wọ́n bá wa wọ kẹ̀kẹ́ náà. Àkókò tí Rídíwáànù máa ń mu ọmú tó, ó kọjá. Ọmú mi ń sun, aṣọ mi tutù níwájú, ọkùnrin tó jókòó tì mí yí ojú sí títì. Ìyá ìyá mi ní Ìwó, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, a máa wí pé, "Má fi ọmọ ṣeré ẹnu. Ìwọ ń ṣeré, ẹni tó gbọ́ ọ lè má ṣeré." Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láti Ring Road títí a fi dé.

A dé Ugbor. Máígádì ní, "She never come."

Kò tíì dé? Ó ti kúrò ní Uselu kí n tó jí! Mo fi igbe ta. Ẹ mọ Benin, ẹ mọ bí èrò ṣe ń pọ̀. Àwọn onídìrí jáde, àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró. "Òyìnbó gbé ọmọ?" "Na sell dem dey go sell am!" Ọkùnrin kan ti mú pákó lọ́wọ́. Ọkọ mi dé, ọ̀dà funfun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò kí mi.

Ibẹ̀ ni a wà tí Ẹ́línà fi yọ ní igun ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Bàtà rẹ̀ kan ti já, ó gbé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó fi ọ̀já mi so Rídíwáànù mọ́ àyà, ọmọ ń sùn. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín!

"Mama Ridwan! You don sleep well?"

Wọ́n yí i ká. Ọ̀kan gbá a lápá mú: "Na you thief this pikin?" Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo já ọmọ gbà, mo tú aṣọ rẹ̀, mo wò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ọkùnrin onípákó yíjú sí mi. "Madam, you give am this pikin, abi she thief am? Talk!"

Gbogbo wọn sún mọ́ wa. Ọkọ mi ń wò mí. Ẹ́línà ń wò mí, ètè rẹ̀ ti funfun. Inú ń bí mi sí i, mo fẹ́ gbá a létí. Bí mo bá ní n kò fún un, ta ni yóò gba pákó lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn? Bí mo bá ní mo fún un, irú ìyá wo ni mí?

Mo ní, "Na me give am. Na me dash am by myself."

Wọ́n fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan pa òṣé, ó ní, "Which kind mama be this?" Òṣé yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní.

Ẹ́línà bú sẹ́kún. Ó ní òun rí i pé n kì í sùn, òun fẹ́ kí n sùn. Ó ní òun wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ti Ugbor, ó gbé òun lọ sí Siluko Road, fóònù òun kú, òun sọnù. Mo fi ọmú sí Rídíwáànù lẹ́nu lórí ìdúró níbẹ̀. Ó yí orí kúrò. Mo tún fi sí i, ó yí orí kúrò. Mo ní ọmọ mi ti mọ ohun tí mo ṣe. Ẹkún tí mo sun ju ti òyìnbó lọ.

Ní kíláàsì tó tẹ̀lé e, Ìyá Bọ́sẹ̀ mú un jókòó, ó to gbogbo rẹ̀ fún un. "Come chop," kò túmọ̀ sí kó jẹ ẹ́. "Take am go," kò túmọ̀ sí kó gbé e. Ẹ́línà gbọ́ ọ tán, ó ní, "So how una dey take know the one wey be true?"

Àtìgbà náà ni kíláàsì yìí kò ti gbé ọmọ fún ara wọn mọ́. Ẹ wo ara yín: olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, bí ẹni tó di ẹrù mọ́ra nínú ọkọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, kò sì dára. Ẹ̀yìn mẹ́rin ló ń bá mi tọ́ ọmọ nígbà kan. Ẹnu mi ló tú wọn ká. Bí àlejò mìíràn bá wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ ti sọ fún un. Ẹ má dúró fi ṣe ẹ̀rín.

Ọdún yìí ni Ẹ́línà pè mí lórí fóònù, mo ń rí ojú rẹ̀. Òun náà ti bímọ. Ó ní ọmọ náà kì í gba ọmú, ì bá ṣe bíi Rídíwáànù tó gba ọmú ẹni tí kò mọ̀ rí.

Mo ní, "Ọmú ta ni?"

Ó yà á lẹ́nu pé n kò mọ̀. Ó ní ní Siluko Road lọ́jọ́ náà, Rídíwáànù ké títí ohùn rẹ̀ há. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú, ó ń sọ èdè wa. Obìnrin náà nawọ́ pé kí òun gbé e wá. Ó fi ọmú kejì fún un, Rídíwáànù mu ún yó.

Ààfáà wa ní ẹni méjì tó bá mu ọmú obìnrin kan náà ti di ọmọ ìyá, wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ra láéláé. Mo ti rin Siluko Road lọ́jọ́ Sátidé méjì, mò ń béèrè. Kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Rídíwáànù ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún kejì.

Mo bi Ẹ́línà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọmọ tó wà ní ọmú kìíní. Ó ní ọmọbìnrin ni, yẹtí pupa wà létí rẹ̀.