Ooru Tó Wà Nínú Òkúta Man

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dìde dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín. Bí Faransé bá yọ sí ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara dà á fún mi, Anyama, lẹ́bàá Abidjan níbí, ni wọ́n bí mi sí.

Èmi ni Folúkẹ́, ọmọ Màmá Folúkẹ́ tó ń ta aṣọ pagne lọ́jà Adjamé. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Thèse mi, ìwé ìwádìí tí mò ń kọ, dá lórí àwọn òkúta kan ní agbègbè ìlú Man, níwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire yìí. Láyé àtijọ́, àwọn òkúta yẹn wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru sè wọ́n, ilẹ̀ tó wà lórí wọn sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó padà gòkè wá. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ ibi tí ooru yẹn ga dé, àti bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó. Inú àwọn hóró tó wà lára òkúta la ti ń wá a. Hóró pupa kan wà, grenat. Òmíràn dúdú, ó ń dán, biotite. Tí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú ooru, wọ́n máa ń pààrọ̀ irin àti magnésium. Bí wọ́n bá ṣe pín in la fi ń ṣírò ooru.

Mo ṣírò tèmi, ó fún mi ní nǹkan bíi six cents degrés, ẹgbẹ̀ta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí hóró kẹta kan wà nínú òkúta yẹn kan náà tí kì í jáde àfi tí ooru bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀gá tó ń darí thèse mi pè mí.

Ó ní, “Mademoiselle, òkúta yín ń sọ ọ̀rọ̀ méjì. Bí a ò bá rí ìdí ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sí soutenance, pé kí ẹ wá gbèjà thèse yín.”

Mo padà sídìí microscope. Nígbà tó yá, mo rí i. Etí grenat, níbi tó ti fara kan biotite, nìkan ni mo wọ̀n. Nígbà tí òkúta ń tutù, wọ́n ṣì ń pààrọ̀ lọ níbẹ̀. Ooru ìgbà tó ń tutù ni mo rí, kì í ṣe ti ìgbà tó gbóná jù. Àárín grenat ńlá ló yẹ kí n wọ̀n, àti aluminium inú hóró kẹta yẹn, torí òun kì í tètè yí padà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ France ni ẹ̀rọ tó lè wọn irú èyí dáadáa wà. Mo béèrè visa, wọn ò fún mi. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Màmá mi mú mi wá síbí, sáàárín àwọn ìyá tó ń gbàdúrà lọ́jọ́rú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ìwọ lo dá òkúta yìí, ìwọ lo mọ bó ṣe gbóná tó. Jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n.” Ẹkún ni mò ń sun, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín. Àlàáfíà sì wọ inú mi.

Visa ni mo rò pé a ń tọrọ o. Kò pẹ́ ni obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ yẹn, tó ti gbọ́ pé wọn ò fún mi ní visa, pè mí láti France. Ó ní, “Fi pẹlẹbẹ tí o gé lára òkúta náà ránṣẹ́. Jókòó sí Abidjan, kó o máa darí ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà rẹ.”

Mo fi ránṣẹ́. Ẹyọ kan tó dáa ló ṣẹ́ kù, torí katakata tó ń ṣe títì ti gbé òkè tí mo ti fọ́ ọ lọ. Ẹrù náà ò dé bọ̀rọ̀. Àwọn ìyá tún gbàdúrà. Nígbà tó dé, igun rẹ̀ kan ti fọ́, àmọ́ grenat ńlá yẹn wà lódindi.

Ní ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, iná ò lọ. Ooru náà kọjá huit cents, ẹgbẹ̀rin, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bá a mu. Ẹni tó takò mí kà á, ó ní, “Ó ti yé mi báyìí.” Wọ́n ti mú ọjọ́ soutenance.

Visa yẹn, wọn ò fún mi títí dòní. Ẹni tí wọ́n bá kọ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, a ó jọ gbàdúrà. Ní báyìí ná, ẹ bá èmi àti màmá mi dìde, ká fi ògo fún Olúwa. Ẹ bá wa yọ̀.