Àpáta Ni Mo Pè Ní Erin fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọdẹ Òkukù àti ti Inísà, ohun kan wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta, ó ti ń bù mí jẹ láti inú wá, mi ò sì lè gbé e mọ́. Òní ni màá sọ ọ́. Èmi Morádéyọ̀ ni, tí mò ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkìrun, ọmọ Bọ́sẹ̀dé. Bàbá tó bí ìyá mi ni Bàbá Ọláwuyì, ọdẹ, ní Òkukù, àwọn ni mo máa ń pè ní Bàbá mi. Tíṣà Jọláyẹmí ló ń ka ìwé yìí sí yín létí, torí bí n bá ní kí n dúró níwájú yín kí n sọ ọ́, ẹkún ni màá sun, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà rèé, mi ò ní yí i po: erin tí Bàbá mi ní àwọn bá pàdé, tí Bàbá Àjíṣafẹ́ tìtorí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kì í ṣe erin. Àpáta ni. Èmi ni mo purọ́. Bó bá sì jẹ́ pé irọ́ yẹn nìkan ni, bóyá ǹ bá ti sùn dáadáa. Ohun tó burú ju irọ́ lọ wà níwájú.

Ẹ̀yin àgbà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé tó wà láàárín yín ni ò mọ̀. Lọ́dún 1961, níbi tí ẹ ti ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọdẹ kan ní Inísà, Bàbá mi ń sun ìjálá. Wọ́n ki ẹfọ̀n, wọ́n ki ìgalà, wọ́n wá dé orí erin. Ni ẹ̀yin Bàbá Àjíṣafẹ́ bá nawọ́ sókè. Ẹ ní, "Ọláwuyì, dúró ná! Ò ń ki erin bí ẹni pé ẹ jọ ń gbé ilé kan náà. Ojú lo fi rí i ni àbí etí lo fi gbọ́ ọ?" Òfin ìjálá ni pé tí wọ́n bá bi èèyàn, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Erin ti kúrò ní gbogbo igbó Òkukù kí wọ́n tó bí Bàbá mi. Ẹnu bàbá wọn ni wọ́n ti gbà á. Wọn ò purọ́. Wọ́n ní, "Etí ni." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, mi ò ní ki erin mọ́, àfi tí mo bá bá a pàdé." Ẹ̀yin Bàbá Àjíṣafẹ́ tún ní, "Tó o bá pàdé ẹ̀, bá mi kí i o!" Ẹ rántí? Eré lẹ fi ṣe. Bàbá ò fi ṣeré. Ọdún mẹ́rin gbáko, wọn ò ki erin.

Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ojú wọn ń funfun díẹ̀díẹ̀. Òjìji ni wọ́n ń rí. Tí ẹ bá dúró níwájú wọn nínú oòrùn, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan dúró, tí ẹ bá mira wọ́n á mọ̀ pé nǹkan mira, ó tán. Èmi sì ni ààyò wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí kí n tó wá sí Ìkìrun. Ọ̀rùn wọn ni mo máa ń gùn lọ sóko. Wọn ò pè mí ní Morádéyọ̀ rí, Àníkẹ́ ni, Àníkẹ́ ìyá mi. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo ṣe é sí.

Oṣù kejì ọdún 1965 ni Titus ọmọ Inísà wá kí wa. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó ń wa lọ́rì sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dáàmù ní Kàìńjì. Ó ní, "Moráde, igbó kan wà lápá ibẹ̀, ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ń wá wòran. Erin ń rìn níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń rìn lọ́jà Ìkìrun." Mo fò dìde. Mo ní, "Titus, wàá gbé Bàbá mi lọ, wàá gbé èmi náà." Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, wọ́n wọ ẹ̀wù gbérí ọdẹ, àmọ́ wọn ò mú ìbọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé ìbọn." Wọ́n ní, "Ta ló ń mú ìbọn lọ kí ẹni tó ti ń kì láti kékeré?" A gba Ọ́fà, a gba Ìlọrin, a sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà. Titus ní, "Bàbá, tí erin bá wá lé wa ńkọ́?" Bàbá ní, "Ìwọ ló máa kọ́kọ́ mú. Ìwọ lo sanra." A rẹ́rìn-ín títí tí ikùn fi ń dùn wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Mi ò tíì gbèrò ibi kankan.

Ìrọ̀lẹ́ Friday la débẹ̀. Láàárọ̀ Saturday, ọkùnrin Ìbàrìbá kan tó ń ṣọ́ igbó náà, Sábì, fi mọ́tò ìjọba kan tí òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbé wa wọlé. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi àti Titus wà lẹ́yìn. Ẹ ò rí Bàbá mi! Bí ọmọdé ni. Wọ́n máa ń gbé imú sókè, wọ́n á ní, "Ìmàdò nìyẹn, lápá ọ̀tún." Òótọ́ ni, ìmàdò ni. "Ọ̀bọ ló ń bú wa lókè yẹn." Ọ̀bọ ni. Sábì ń wò wọ́n, ó ní, "Bàbá yìí lójú jù mí lọ." A rí ìgalà, a rí erinmi nínú odò, àmọ́ a ò rí erin. Nígbà tí oòrùn ti gùnkè, Sábì ní, "Wọ́n ti wọ igbó nítorí oòrùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá mumi. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí wọn." Titus ní, "Èmi ò ní wàhálà. A lè lọ lọ́sàn-án yìí, a lè dúró di àfẹ̀mọ́jú ọ̀la." Bàbá ní, "A máa dúró ni. Mo ti dúró ọdún mẹ́rin, kí ni ìrọ̀lẹ́ kan?"

Àmọ́ èmi ò fẹ́ dúró. Olúsọjí, ọmọkùnrin tí ọkàn mi fà sí, ló fà á. Akọ̀wé ni ní ibùdó rélùwéè Ìkìrun, wọ́n ti fún un ní tíráńsífà lọ sí Sáríà, ọ̀sán Sunday ni rélùwéè ẹ̀ máa gbéra. Tí a bá lọ lọ́sàn-án yẹn, màá bá a. Tí a bá dúró, ó ti lọ. Mo ti rán aṣọ tuntun tí màá fi sìn ín. Ẹ wo nǹkan! Ẹ wo ohun tí mo gbé sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ọdún mẹ́rin bàbá mi, tí mo ní òun ló wúwo jù.

Bí a ṣe ń bọ̀, àpáta kan wà nínú koríko gbígbẹ, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú, ẹ̀yìn ẹ̀ rí róbótó, ó ga ju mọ́tò wa lọ. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró! Bàbá! Erin nìyẹn!" Sábì tẹ bíréèkì, ó yíjú wò mí. Mo fi ẹsẹ̀ gbá Titus. Titus wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá ní, "Hẹ̀ẹ́n, Bàbá, ó mà tóbi o." Sábì kọjú síwájú. Bàbá dìde dúró nínú mọ́tò. Wọ́n ń wá a pẹ̀lú ojú funfun yẹn, títí tí wọ́n fi rí òjìji ńlá náà. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń wò mí?" Mo ní, "Ó ń wò yín, Bàbá." Wọ́n ní, "Kò mira." Mo ní, "Ẹ̀yin ló ń gbọ́." Ni Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún àpáta. "Àjànàkú, mo dé o. Bàbá mi kí ọ kò rí ọ, bàbá bàbá mi rí ọ kò dúró kí ọ. Èmi ni mo dé, ojú mi ti ṣú, má wọgbó lọ." Omi ń jáde lójú wọn, ohùn wọn ò gbọ̀n. Titus bojú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Sábì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Níbí, a kì í fi àgbà ṣe báyìí." Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Kò tán. A ò tíì rìn jìnnà, Sábì pa mọ́tò, ó gbọ́wọ́ sókè. Igi ń fọ́. Ẹ̀yin bàbá mi, wọ́n jáde. Erin. Méje. Wọ́n ń sọdá ọ̀nà níwájú wa gan-an, kò tó láti ibi tí ẹ jókòó sí dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Nínú oòrùn báyìí, Bàbá ì bá rí òjìji wọn tó ń rìn. Ì bá rí i! Bàbá ti ń gbé imú sókè. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, kí ló ń fọ́ igi?" Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ni. Mo ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gé igi, Bàbá." Wọ́n ní, "Kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní, "Màlúù Fúlàní ni." Wọ́n ti ń gbé orí sápá ibẹ̀. Ni mo bá tú gèlè orí mi, mo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, mo fi bo ojú wọn. Mo ní, "Eruku ń bọ̀, Bàbá, kó má wọ̀ yín lójú." Mo di gèlè yẹn mú títí tí èyí tó gbẹ̀yìn fi sọdá. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi ra ọwọ́ mi lórí gèlè yẹn. Wọ́n ní, "O ṣeun, Àníkẹ́ ìyá mi."

Mo bá rélùwéè náà. Olúsọjí yọrí lójú fèrèsé, ó ní òun máa kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ó ní kí n bá òun gba bàtà òun lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bàtà.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ní Inísà. Bàbá ní, "Àjíṣafẹ́, mo ti bá a pàdé. Àníkẹ́ ni ẹlẹ́rìí mi." Bàbá Àjíṣafẹ́, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ọmọ, ṣé lóòótọ́ ni?" Mo wo ojú yín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó bàbá mi, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní, "Ọláwuyì, fi orí jì mí." Mo wà níbẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ sí Òkukù. Àwọn ọmọ ilé wa ń ṣeré níta, wọ́n ń sun ìjálá tí Bàbá fi kọ́ wọn. Mo dúró gbọ́. Wọ́n ní, "Erin tí kì í mi etí, erin tí kì í mí, a ki í, kò dáhùn, ó dúró bí ẹni tí ò sí." Àpáta mi ni wọ́n ń kì! Bàbá ti fi ohun tí wọ́n rí kún un, torí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Àwọn ọmọ yìí á fi kọ́ ọmọ tiwọn. Tí èmi bá kú, irọ́ mi ò ní kú.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá ní, "Gèlè yẹn tutù lójú mi. Mo rò pé o ń tọ́jú mi ni." Mo sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mélòó ni wọ́n?" Mo ní, "Méje, Bàbá. Ọmọ kan wà láàárín wọn." "Ọmọ yẹn, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló wà àbí ẹ̀gbẹ́?" "Abẹ́ ikùn ìyá ẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ ń fi ọwọ́jà imú ẹ̀ tì í." "Etí wọn ńkọ́?" "Etí wọn ò sinmi, Bàbá, wọ́n ń fẹ́ ara wọn bí ẹni ń fẹ́ iná." Wọ́n mi orí, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ wọn ń dún?" Mo ní, "Kò dún rárá." "Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó?" "Kò dún, Bàbá." Wọ́n pe àwọn ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n má ki erin mọ́. Wọ́n ní, "Ẹnu mi tún ti padé. Mi ò tíì bá a pàdé." Láti ọjọ́ yẹn wọn ò jáde. Oúnjẹ ò wọlé dáadáa. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n ní kí n má sunkún, àmọ́ wọn ò lè rin ìrìn Kàìńjì mọ́, gbogbo wa la mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú yín bo àgbà lójú. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ni mí tí màá fi máa kọ́ èèyàn?

Bàbá Àjíṣafẹ́, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀ yín padà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo jí i. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ bi Bàbá mi ní ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ pé ìpàdé yẹn tó. Bàbá wà níbẹ̀ nígbà tí erin méje yẹn ń sọdá. Imú wọn gbọ́ ọ, etí wọn gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ló dínà ojú wọn. Ojú mi rí i. Ẹ jẹ́ kí ojú mi di tiwọn. Ẹ dákun, ẹ wá sí Òkukù kí ọjọ́ tó pọ̀ jù. Màá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi mí ṣe, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ dúró tì mí. Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ẹ jókòó lórí ẹní wọn, kí ẹ ní, "Ọláwuyì, ki erin fún mi."